Ojú Gaspard Lára Bàbà

Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú ni èmi Perrine ti ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ àwòrán ní òpópónà Saint-Jacques ní Paris. Ọ̀gá Barnabé, tí ilé rẹ̀ dojú kọ tèmi, ló ń fín àwòrán àwọn ọlọ́lá sára bàbà. Àwọn ọmọṣẹ́ ló ń bá a fín aṣọ àti léèsì, òun fúnra rẹ̀ ló ń fín ojú, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Yóò tẹ irin rẹ̀ wọlé kí ìlà lè sanra níbi tó ṣókùnkùn, yóò sì dẹ ọwọ́ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tó mọ́lẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, díẹ̀ ló kù kí ènìyàn kí àwòrán náà. Ẹni tí kò lè dé ilé adájọ́ láéláé á ra ojú adájọ́ lọ sílé.

Kò sí èyí tó fín tó dà bíi ti Adájọ́ Gaspard. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Nígbà tí Gaspard kú, Théodore àbúrò rẹ̀ jogún oyè, ó sì gbé bàbà náà wá.

"Ọ̀gá, aṣọ yìí ṣì dára. Ẹ bá mi ha ojú ẹ̀gbọ́n mi kúrò, kí ẹ fi tèmi sí i."

Ohun tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò wa ni, torí bàbà wọ́n. Síbẹ̀, inú bí mi.

"Ẹ bá ti sọ pé ẹ ò ṣe," mo sọ fún Ọ̀gá nígbà tí Théodore lọ tán.

"Kí wọ́n lè máa sọ pé mi ò ríran mọ́? Ta ló máa wá gbéṣẹ́ fún mi? Perrine, ẹnu ẹ yìí ló lé ọkọ ẹ lọ sọ́run."

A mọ̀ pé ojú ń dùn ún. A ò mọ̀ pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀.

Ó ha ojú Gaspard dànù, ó fi òòlù lu ẹ̀yìn bàbà náà kí iwájú lè tẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Théodore wá jókòó fún un. Lọ́jọ́ tó parí, mo fi tàdáwà pa bàbà náà, mo nù ún, mo fi bébà tútù lé e, mo yí ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì dúró tì mí. Mo ṣí bébà.

Gaspard ni. Imú rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rẹ́rìn-ín ni. Ojú Ọ̀gá kò rí Théodore mọ́; ojú tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ló tún fín.

"Ṣé ó jọ wọ́n?" Ọ̀gá bèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo yíjú sí Théodore. Théodore wo bébà náà títí, omi lé ròrò sí i lójú. Títí di ìgbà yẹn, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

"Ó jọ mí gan-an, Bàbá," ló wí. "Ẹ bá mi tẹ igba."

Nígbà tó jáde, Ọ̀gá ní, "Perrine, Gaspard ni, àbí?"

Mo fẹ́ purọ́, n kò lè ṣe é. "Òun ni, Ọ̀gá. Ta ló sọ fún yín?"

"Ọ̀gá ló ti ń pè mí látọjọ́ yìí. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ní Bàbá. Àánú mi ló ṣe é."

Kò fín ojú ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.