Okùn Súìṣì Balùwẹ̀ Glenys Prosser

1.

…omi bá di yìnyín lára rẹ̀. Ọṣẹ ṣì wà lójú Glenys. Kò lajú. Ó mọ ẹni tó fa okùn súìṣì.

"Ó tó gẹ́ẹ́," Alwyn ọkọ rẹ̀ wí. "Àbí ta lò ń wẹ̀ fún?"

Kọ́kọ́rọ́ balùwẹ̀ ti wà lápò Alwyn láti ọdún tí wọ́n ti dá a dúró nílé iṣẹ́ irin.


2.

Sí: Onílé
Láti ọ̀dọ̀: G. Prosser, Tredegar

Ẹ jọ̀ọ́, súìṣì olókùn tó ń gbé iná fún ṣáwà tó ń mú omi gbóná tún ti jóná. Òórùn ike tó ń jó gba gbogbo òkè ilé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé.

Ẹ má fi èsì ránṣẹ́ sí fóònù ọkọ mi. Èmi ni kí ẹ pè.


3.

Bí Glenys ṣe ṣàlàyé ojú rẹ̀ tó wú:

ní ṣọ́ọ̀ṣì: ilẹ̀kùn ló gbá a

lọ́dọ̀ alápatà: yìnyín ló gbé e ṣubú níwájú ilé

fún Mair, àbúrò rẹ̀: "Ìwọ náà ṣáà mọ̀."


4.

Rhian, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná, tí onílé rán wá, wà lórí àkàbà. Glenys di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

RHIAN: Màmá, ẹ wo inú ẹ̀. Dúdú bí èédú.

GLENYS: Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń kó wá ni?

RHIAN: Ojúlówó ni. Iná ṣáwà ló lágbára. Bí èèyàn bá fa okùn nígbà tí omi gbígbóná ṣì ń dà, iná á ta pàrà láàárín irin méjèèjì yìí, á máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ara ṣáwà ló yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ pa á.

GLENYS: Ibẹ̀ lèmi ti ń pa á.

RHIAN: Ẹnì kan wà tí kì í pa á níbẹ̀. Bó bá ń bá a lọ báyìí, irin méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ó fa okùn títí, iná ò ní kú. Màmá. Ta ló ń fà á?

ALWYN (láti ìsàlẹ̀): Glenys! Ṣé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ kọ́lé sórí àkàbà yẹn ni?


5.

Ohun tí Rhian lẹ̀ mọ́ ògiri kó tó lọ:

Ẹ   PA   ṢÁWÀ   KÍ   Ẹ   TÓ   FA   OKÙN

Alwyn já a. Ó rún un. Ó fi àtàǹpàkò tì í sí Glenys lẹ́nu, ó sì di ẹnu náà pa títí Glenys fi gbé e mì.

"O ti wá ń rojọ́ mi fún àlejò."


6.

Glenys ń wẹ̀, Alwyn fa okùn. Kẹ̀. Omi ń dà, ó gbóná.

Ó tún fà á. Kẹ̀. Omi ń dà.

Glenys lajú. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń fa okùn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀rín ṣì kù nínú òun.

Alwyn gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Eyín kan jábọ́ sínú omi. Ẹ̀rín náà ò dúró.

Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì so rọ̀ mọ́ okùn, ó já súìṣì náà tòun ti àjà. Wáyà ìhòòhò já lé e láyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi.

Kò pariwo. Iná ò jẹ́.

Glenys fò ó kọjá.


7.

PÀJÁWÌRÌ (lórí fóònù): Ìyáàfin Prosser, ẹ ò fọwọ́ kàn án, àbí?

GLENYS: Rárá.

PÀJÁWÌRÌ: Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ṣé iná ṣì dì í mú?

GLENYS: Ó ń gbọ̀n.

PÀJÁWÌRÌ: Súìṣì ńlá tó ń pa iná gbogbo ilé, níbo ló wà?

GLENYS: Abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo ti wà níbẹ̀.

PÀJÁWÌRÌ: Ọwọ́ yín tó o?

GLENYS: Ó wà lórí ẹ̀.

PÀJÁWÌRÌ: Ẹ pa á.

(Lókè, gìgísẹ̀ Alwyn ń lu pákó: gì, gì, gì.)

PÀJÁWÌRÌ: Ìyáàfin?

GLENYS: Mò ń gbọ́ yín.

PÀJÁWÌRÌ: Ṣé ẹ ti pa á?