Ọjọ́ Tí Alùpùpù Bàbá Nọ́ọ̀sì Dùbúlẹ̀

Kí n tètè sọ èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi ru ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Èmi ni mo ń fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Èmi, àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, tí eyín mélòó kan ti kó ẹrù wọn jáde lẹ́nu mi, mo jókòó sórí alùpùpù tó dúró sójú kan, mo ń sọ pé "fúùù, fúùù", mo sì ń yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Bó ṣe ṣubú nìyẹn. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi, Bàbá Nọ́ọ̀sì, aago ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ṣe. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń doríkodò sórí tábìlì, tó ń fi awò kékeré sójú kan, tó ń fi ẹ̀mú mú nǹkan tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Tí mo bá sín nítòsí rẹ̀, á ní mo ti fẹ́ ìṣẹ́jú oníbàárà òun dànù. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò ra ẹyẹ kan tí yóò máa sìn. Alùpùpù ló lọ rà. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rò o. Màlúù ni. Ó ní àpótí lápá ọ̀tún, ó ní lápá òsì, ó tún ní lẹ́yìn. Ó ní gíláàsì gbàgàdà tó ń dá afẹ́fẹ́ padà níwájú, ó ní rédíò, ó sì ní irin roboto tó yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká. Àwọn tó ń gun irú rẹ̀ ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn ni. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ wá ni àgbà ọ̀rọ̀. Ó fẹ̀, ó rọ̀, ó ní ibi ìfẹ̀yìntì, ó ní ibi tí èèyàn lè gbé apá lé.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ìdí mi tóbi. Láti ìgbà ọmọge, tí mo bá ti wọ yàrá tán, òun ṣì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì kẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọkùnrin tó jókòó tì mí fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó títí a fi dé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ibùdókọ̀ àkọ́kọ́. Etí adágún ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, bọ́ọ̀sì kì í sì í dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rin èyí tó kù, orúnkún mi ò sì gba ìyẹn mọ́. Òun náà ò lè jáde nílé mọ́. Gbogbo ìgbà tá a bá ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun kan náà ló máa ń bi mí: "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Bàbá Nọ́ọ̀sì wá ṣèlérí pé tí òjò bá ti lọ sílẹ̀, òun á fi ìjókòó ẹ̀yìn yẹn gbé mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn màlúù yẹn ju bí mo ṣe ń jẹ́wọ́ lójú ọmọ lọ.

Ọmọ tí mo ń wí yìí ni àkọ́bí wa, Nọ́ọ̀sì. Òun ò fẹ́ràn alùpùpù rárá, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn tó já bọ́ látorí rẹ̀ wá. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ yọ̀ nílé epo, alùpùpù dùbúlẹ̀, àwọn géńdé mẹ́ta ló bá a gbé e. Bàbá náà ní òun ò ní wo wọ́n níran, ó bá wọn fà á, ohun kan sì já nínú ikùn rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló parí rẹ̀. Kò tíì jí dáadáa tí Nọ́ọ̀sì fi pe ìpàdé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín," ó ní. "Àmọ́ ọjọ́ tó bá tún dùbúlẹ̀, tí ẹ̀yin àti Màmá ò lè gbé e dìde láìpe ará ìta, a máa tà á ni. Torí ẹ máa dé ojú ọ̀nà tí ò ní sí ará ìta kankan."

Bàbá gbà. Tó bá sì ti gbà, ó tán nìyẹn. Ọkọ mi kì í yẹ àdéhùn, kódà tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá wo ojú abẹ bàbá rẹ̀, kó lè sọ bóyá a lè lọ. Bàbá ti tẹ́ táwẹ́lì sílẹ̀ nínú àgbàlá, ó to sípánà sórí rẹ̀ láti orí àgbà dé orí ọmọ. Ó ti wọn atẹ́gùn táyà, ó ti yẹ bíréèkì wò. Ọ́ìlì ló kù. Ojú fèrèsé kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ibẹ̀ la ti ń rí ibi tí ọ́ìlì dé. Ṣùgbọ́n alùpùpù gbọ́dọ̀ nàró ṣánṣán. Tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan tì, irọ́ ni fèrèsé yẹn máa pa. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí a lè fi gbé e nàró, àmọ́ ó gba kéèyàn gbé gbogbo rẹ̀ sókè, dókítà sì ti ní kí Bàbá má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ tuntun lọ. Èmi ni mo wá di irin. Mo jókòó lé e, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, mo mú un dúró, òun sì na gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mú un dúró dáadáa," ó ní láti ilẹ̀.

"Mo mú un."

"Ó ń mì."

"Èmi ni mò ń mí. Àbí kí n má mí mọ́ ni?"

"Máa mí díẹ̀díẹ̀." Ó yọjú, ó fẹjú. "Mi ò rí nǹkan kan. Awò mi dà?"

"Ó wà ní kíṣìnnì, lórí búrẹ́dì."

Ó rọra dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, má ṣe nǹkan kan títí n ó fi dé."

Ta ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ní dà láàmú? Ká ní kò sọ ọ́ ni, bóyá ǹ bá rọra jókòó. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́, mo rí obìnrin kan níbẹ̀, ó wù mí. Akoto ọkọ mi wà lórí ọwọ́ alùpùpù, mo gbé e lé orí mi. Kò wọlé, orí irun ló jókòó sí bí ìkòkò. Kò dí mi lọ́wọ́. Mo ti wà lójú ọ̀nà adágún, mo ti ń gba kọ́nà, "fúùù", mo tẹ̀ sọ́tùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mú irú rẹ̀ dání rí, ẹ ò lè mọ̀. Títí dé ibì kan, ó fúyẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó ti pinnu nìyẹn. Mo ké sí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi pé kó gbà á, ẹsẹ̀ ọ̀tún ní ọ̀rọ̀ náà ò kan òun. A jọ sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, bíi tọkọtaya tó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń sùn. Irin tó yí ẹ́ńjìnnì ká ló gbà á dúró tí kò fi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo yí kúrò lórí rẹ̀, mo nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tèmi takoto.

Bàbá Nọ́ọ̀sì jáde, awò wà lójú rẹ̀. Kò pariwo.

"Ṣé o fara pa?"

"Rárá."

"Ọwọ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀?"

"Mo ní rárá. Ìtìjú nìkan ló ń pa mí."

Ìgbà yẹn ló tó wo alùpùpù. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó wá dojú kẹ́tù kan bolẹ̀, ó jókòó lé e. "Ó ti parí nìyẹn," ó ní.

"Kí ló parí? Èmi ni mo gbé e ṣubú, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Àdéhùn ò béèrè ẹni tó gbé e ṣubú."

"Ẹ jẹ́ ká sáré pe jórinjórin tó wà lódìkejì. Ọwọ́ kan ló máa fi gbé e."

"Ará ìta ni."

Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò ní yí padà. Mo tún rí ẹ̀gbọ́n mi létí adágún, fóònù létí rẹ̀. Mo dì mọ́ ọwọ́ alùpùpù, mo fà á. Ó dà bí ìgbà tí mo ń fa ilé. Mo tún un fà, egungun ẹ̀yìn mi bú mi.

"Fi sílẹ̀," Bàbá ní. "Kì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e."

"Kí ni wọ́n fi ń gbé e?"

Ó bọ́ awò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ú, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. "Wọ́n máa ń kẹ̀yìn sí i ni. Wọ́n á lóṣòó... wọ́n á wá fi ìdí tì í sókè."

Mo dúró, mo wò ó. "Bàbá Nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí ẹ ti mọ èyí, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ta ló máa sọ ìyẹn fún ìyàwó rẹ̀?"

Ó wá kọ́ mi bó ṣe máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ lórí aago. Ó ní kí n kọ́kọ́ fa irin ẹ̀gbẹ́ tó fi ń dúró yọ, kó má baà ré kọjá sí òdìkejì tó bá dìde. Ó tẹ gíà sí i kí táyà má baà yí. Ó ní kí n yí ọwọ́ rẹ̀ sí ìhà ilẹ̀, kí n fi ọwọ́ kan di èyí tó wà nísàlẹ̀ mú, kí n fi èkejì di irin abẹ́ ìjókòó. Mo bọ́ sálúbàtà. Ó fa ẹní àtẹ́sẹ̀nù wá sábẹ́ ẹsẹ̀ mi kí n má baà yọ̀. Mo kẹ̀yìn sí i, mo lóṣòó, mo gbé ìdí lé etí ìjókòó, mo ki ara mi mọ́lẹ̀, mo tì í.

Alùpùpù ò dún. Èmi ni mo dún.

Bàbá yẹ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wò. "Ṣé páìpù èéfín ló já ni?"

Ẹ̀rín pa mí débi tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun náà di ikùn mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé, "Jọ̀ọ́, ojú abẹ mi, jọ̀ọ́." Fóònù rẹ̀ dún láàárín ẹ̀rín yẹn. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní òun ti kúrò níbi iṣẹ́, òun ti wà lọ́nà. Ẹ̀rín tán.

Mo padà síbẹ̀. "Má fi ẹ̀yìn ṣe é," Bàbá ní. "Itan ni. Máa fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀." Mo tì. Ó tàkú. Mo tún tì, mo rántí ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì yẹn, mo rántí gbogbo ẹni tó ti fi ìdí mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà ọmọge, mo kó gbogbo wọn sẹ́yìn mi, mo tì wọ́n. Ó gbéra. Mo gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń tú u sílẹ̀. Mo rin ẹsẹ̀ kékeré sẹ́yìn, mo tún rin òmíràn, ó ń gòkè lẹ́yìn mi bí aláìsàn tó ń dìde jókòó. Lójijì ló fúyẹ́, ó ré lọ sí apá òsì díẹ̀, irin ẹ̀gbẹ́ gbà á. Ó dúró.

Mi ò lè kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo fara tì í bẹ́ẹ̀. Bàbá fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "O ti gbé e." Ó tún un sọ, bí ẹni pé òun gan-an ni kò tíì gbọ́.

Ẹ sì mọ ohun tó ṣe tẹ̀ lé e? Ó ní kí n gùn ún padà, torí kò tíì rí ọ́ìlì. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò mí rárá. "Ó pé," ó ní láti ilẹ̀.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, a ti wà ní kíṣìnnì, tíì wà lórí tábìlì. Ó ní kí bàbá rẹ̀ wúkọ́, ó tẹ ikùn rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní ojú abẹ ti jinná dáadáa. Ó mú ife tíì. Èmi dúró ní tèmi, torí mi ò lè jókòó.

"Ó dùbúlẹ̀ láàárọ̀ yìí," Bàbá ní.

Ó ṣe mí bíi kí n fi búrẹ́dì dí i lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì gbé ife kalẹ̀. "Ta lẹ pè?"

"A ò pe ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá, pẹ̀lú ikùn yẹn?"

Bàbá fi awò tọ́ka sí mi.

"Màmá? Kí ni Màmá fi gbé e?"

Mo kẹ̀yìn sí i, kó rí i fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì àti eruku fa ìlà kan gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan gáùn mi dé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì bọ́ sí àgbàlá, a tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ wo irin tó ti ha díẹ̀, ó wo ẹní àtẹ́sẹ̀nù tó ṣì wà nílẹ̀, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ní tí ẹ ò bá lè gbé e," ó sọ níkẹyìn. "Ẹ sì ti gbé e. Ẹ bá mi kí Màmá etí adágún."

Èémí tí mo ti há mọ́ra láti àárọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbá ọmọ mi mọ́ra, mo fi eruku kùn ún lára, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé aṣọ iṣẹ́ ni. Bàbá yí ojú sí ògiri, ó ń fọn imú.

Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé Nọ́ọ̀sì jọ mí láti ẹ̀yìn. Àràárọ̀ ló ń sáré lójú títì nítorí ẹ̀, ó ń mu omi gbígbóná, ó ń wọ aṣọ tó balẹ̀, nǹkan ọ̀hún ò sì kúrò níbi tí mo fi sí. Ó yí alùpùpù yẹn po ní pẹ̀lẹ́. Ó wo ẹnu géètì, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó wá kẹ̀yìn sí i, ó rọra lóṣòó, ó gbé ìdí lé etí ìjókòó, ó fi wọ̀n ọ́n.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ rò pé tèmi náà lè gbé e?"