Akọ Ìbẹ́pẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Télọ̀ ni mí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, níbi tí akọ ìbẹ́pẹ kan ti ń da òdòdó sórí aṣọ oníaṣọ. Okùn òdòdó gígùn gbalaja, èso ò sí. Ojoojúmọ́ ni mo ń bú u: "Ọ̀lẹ! Akọ kì í so, kí lo wá ń ṣe nílé mi?"

Nígbà tó sú mi, mo ki àdá bọ ọkọ mi lọ́wọ́ pé kó gé e kúrò. Bíríkìlà ni, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó bẹ́ igi náà lórí, ó ju àdá sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, ó dọ̀la."

Ọ̀la bíríkìlà! Ògiri ilé ìdáná wa náà ṣì ń retí ọ̀la yẹn.

Igi tí a bẹ́ lórí yọ orí méjì, ó tún yọ òdòdó. Mo pòṣé, mo gbójú kúrò.

Àfi bí mo ṣe ṣí fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí àwọn nǹkan tó rọ̀ dirodiro lórí okùn òdòdó, bíi gílóòbù iná. Mo sáré jáde. Ìbẹ́pẹ ni! Lára akọ! Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó tutù, ó sì wúwo. Orí mi wú. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

Ọkọ mi yọ jáde. "Ṣé abẹ́rẹ́ lo ń wá ni?"

Mo mi orí. Ẹnu tí mo fi ń bú igi náà ni mo fi sọ fún un pé, "Igi yìí ni mò ń bẹ̀."