Ewé Tó Bo Ọ̀nà Fúnláyọ̀

Ọ̀nà kan wà tó gba inú oko Fúnláyọ̀ kọjá ní Banigbé. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lásán ni o, ṣùgbọ́n òun ló yá jù fún ẹni tó bá fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí ọjà Ifangni. Etí ọ̀nà yìí gan-an ni ilé Fúnláyọ̀ wà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí Sosthène, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sì ti lọ ń gbé ní Kútọ̀nù, àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ nìkan ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀, á ti jáde. Á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á bu omi fún wọn, á ní kí wọ́n jókòó díẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé díẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe díẹ̀?

Ilẹ̀ ló kó bá a. Èkan ti gba oko náà débi pé àgbàdo tó ń so níbẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Régis, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gun alùpùpù kiri láti kọ́ àwọn àgbẹ̀, wá fún un ní irúgbìn mukúnà. Ó ní kó gbìn ín sáàárín àgbàdo, pé yóò nà bo ilẹ̀, yóò pa èkan, bó bá sì gbẹ, ewé rẹ̀ yóò jẹrà, yóò sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Ó ní àgùntàn pàápàá ń jẹ ẹ́. Fúnláyọ̀ gbìn ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mukúnà yìí nà! Ó bo ebè, ó gun kùkùté, nígbà tí òjò kejì yóò fi dá, ó ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Èkan kú pátápátá. Inú Fúnláyọ̀ dùn títí, àfi ìgbà tó ṣàkíyèsí pé ọjọ́ ọjà ti kọjá, òun kò sì gbúròó ẹsẹ̀ ẹnì kankan.

Wọ́n ní wèrèpè ló gbìn. Lóòótọ́, ewé rẹ̀ jọ ti wèrèpè, èso rẹ̀ náà sì jọ ọ́, ta ló sì máa dúró yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó mọ bí wèrèpè ṣe ń yún ara? Gbogbo wọn wá ń gba ẹ̀yìn ilé-ìwé, ọ̀nà tó jìn.

Kí ni kò ṣe tán? Ó lọ bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó fi ewé náà ra apá lójú gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní awọ àgbà ti yi. Ó pe Régis, Régis ní òun wà ní Lagbé, pé òun ń bọ̀. Bó ṣe ń bọ̀ títí di òní nìyẹn. Fúnláyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgùntàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń se ọbẹ̀ tó pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ, ó ń jẹ ẹ́ títí á fi kan. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé náà ń dùn ún bí akokoro.

Èyí tó dùn ún jù ni ti Ràúfátù, oníṣòwò gàrí tó mú bí àbúrò. Kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í yà tẹ́lẹ̀. Fúnláyọ̀ rò ó pé bí Ràúfátù bá lè kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn yòókù á tẹ̀lé e.

Ló bá mú àdá. Ó la ọ̀nà láàárín mukúnà títí dé etí títì, ó fẹ̀ ẹ́ débi pé ewé kankan kò lè kan ẹni tó ń kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó lọ dúró níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà. Ràúfátù yọ, àpò gàrí lórí. Fúnláyọ̀ fi ọ̀nà hàn án, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí ohun tó máa yún un. Ràúfátù wo ọ̀nà náà, ó sọ ẹrù kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé kò yún. Èmi ni mo sọ fún wọn pé wèrèpè ni.”

Fúnláyọ̀ bi í pé kí ló dé.

“Bí mo bá yà lọ́dọ̀ yín, ẹ kì í jẹ́ kí n lọ. Kí n tó dé ọjà, àwọn oníbàárà láti Nàìjíríà á ti rajà tán, màá wá ru gàrí padà sílé. Mi ò sì lè sọ ọ́ lójú yín, pẹ̀lú ohun tí ojú yín ti rí. Ni mo bá ní ó ń yún.”

Inú bí Fúnláyọ̀. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀: gbogbo omi tó ti bù, gbogbo àárọ̀ tó ti fi jókòó retí. Ó la ẹnu, ó sì rí i pé oòrùn ti ń gòkè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò gàrí ru Ràúfátù.

Ràúfátù dúró, ó ń retí kó sọ nǹkan. Fúnláyọ̀ kàn rọra tì í léjìká pé kó máa lọ. Ràúfátù wọ inú mukúnà, ó gba ọ̀nà tuntun náà lọ. Fúnláyọ̀ kò tẹ̀lé e. Ó dúró síbi tó wà títí Ràúfátù fi kọjá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tó máa dá a dúró.