Ẹni Tó Ń Jẹun Ló Ń Rù

Iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí oúnjẹ ṣe ń di ara. Bí búrẹ́dì ṣe ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, bí ṣúgà ṣe ń di agbára, bí èyí tó ṣẹ́kù ṣe ń di ọ̀rá tó ń sá pamọ́ sí ìbàdí àti abẹ́ apá, gbogbo ẹ̀ ló mọ̀ bí ẹní mọ orúkọ ara ẹ̀. Tíṣà ni ọkọ ẹ̀ ń pè é, títí orúkọ náà fi mọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu. Ọkọ ọ̀hún, káfíńtà ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìnkùlé tó ti ń kan àga àti ilẹ̀kùn, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó oúnjẹ.

Ọjọ́ tí síìpù aṣọ Tíṣà já níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tó ti nawọ́ sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó, ló pinnu pé òun máa rù. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ bi? Gbogbo àwọn tó ń pariwo rírù lórí fóònù, òun ló yẹ kó kọ́ wọn.

"Wò ó," ó sọ fún ọkọ ẹ̀ nídìí oúnjẹ, "bí mi ò bá jẹ ìrẹsì, tí mi ò jẹ búrẹ́dì, ṣúgà á tán lára mi. Tó bá ti tán, ẹ̀dọ̀ mi á kọjú sí ọ̀rá, á máa jó o bí igi ìdáná. Ṣé o mọ ibi tí ọ̀rá yẹn ń gbà jáde? Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, a ń mí i síta ni."

Káfíńtà dá ṣíbí dúró. "A ń mí ọ̀rá síta?"

"Ó ti di atẹ́gùn nígbà yẹn."

"Ó dáa. Máa mí lọ, ìyàwó mi. Gbé ìrẹsì tìẹ wá, kó má baà ṣòfò."

Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni òṣùwọ̀n tó ń gùn láràárọ̀ ń lọ sílẹ̀ wàràwàrà. Tíṣà ò tan ara ẹ̀ jẹ. Ó mọ̀ pé omi ni. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan máa ń di omi mọ́ra, bó bá ń lọ, omi á bá a lọ. Ọ̀rá ló ń retí. Àfi bí omi ṣe lọ tán tí òṣùwọ̀n dúró gbagidi. Ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́. Ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́. Òṣùwọ̀n ò mira. Láàárọ̀ ọjọ́ míì, á tún gòkè díẹ̀, bí ẹni ń fi í ṣẹ̀sín.

Èyí tó wá da orí ẹ̀ rú pátápátá ni pé ọkọ ẹ̀ ló ń rù.

Ọkùnrin tó ń jẹ ìrẹsì ẹni méjì! Ọrùn ẹ̀ ti gùn jáde nínú ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì, kò pẹ́ tó tún fi lu òmíràn. Omi ló ń mu bí ẹni jẹ iyọ̀, á sì fi ayùn sílẹ̀ lórí igi láti lọ tọ̀, kó tó padà jókòó, á tún ti dìde. Ó ní ooru ni. Tíṣà náà gbà pé ooru ni, nítorí òṣùwọ̀n ló gba gbogbo ọkàn ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó wo àbúrò ẹ̀ tìtì, ó wá yíjú sí ìyàwó.

"Ìyàwó, ara ẹ mà dá o. Oúnjẹ àbúrò mi ńkọ́?"

"Àǹtí, àwọn ni wọ́n ń jẹun o. Èmi ni mi ò jẹun."

"Ẹni tó ń jẹun ló ń rù, ẹni tí ò jẹun ló ń sanra? Mo dàgbà lóòótọ́, ìyàwó, àmọ́ mi ò tíì ya wèrè."

Kí ni Tíṣà fẹ́ sọ? Ohun tí òun fúnra ẹ̀ ń bi ara ẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Nígbà tí Àǹtí lọ tán, ọkàn ẹ̀ gba ibòmíì lọ: ọkùnrin tó dédé ń fọn lọ́jọ́ orí yìí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ẹ̀ ju èje lọ. Ó bi ọkọ ẹ̀ bóyá ó ní ẹni tó ń rù fún níta.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí. "Obìnrin wo ló ń wá egungun kiri?"

Òórùn kan tún wà. Bí ara bá ń jó ọ̀rá, èémí èèyàn máa ń rùn díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná. Tíṣà gbọ́ òórùn yẹn nínú yàrá wọn, inú ẹ̀ dùn, ó ní tòun ni. Ó tún gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni, ó ní fáníìṣì tí ọkọ ẹ̀ fi ń kun igi ni.

Ó kó bébà àyẹ̀wò bọ̀ láti ibi iṣẹ́, àwọn tínínrín tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀. Bí ọ̀rá bá ń jó, ojú kan lára bébà náà á yí padà sí àlùkò. Tiẹ̀ kàn pọ́n ráńpẹ́. Ó fẹ́ ohun tó máa fi wé e. Ọkọ ẹ̀ tó ń jẹ ìrẹsì àti búrẹ́dì, tiẹ̀ ò gbọdọ̀ yí padà rárá. Ibẹ̀ lòun á ti mọ̀ pé bébà ọ̀hún ń sọ òótọ́.

"Ìtọ̀ mi?" ni Káfíńtà wí. "Ayé ti bàjẹ́." Ṣùgbọ́n ó tọ̀ ọ́ sínú ife fún un, ó sì padà sídìí igi ẹ̀.

Bébà náà di àlùkò, ó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi sún mọ́ fèrèsé kó lè rí i dáadáa. Ó ní bébà ti bàjẹ́. Ó ṣí ike tuntun, ó tún un ṣe. Àlùkò ni. Ó ní bóyá òun ló ṣi ife gbé. Ó jókòó sórí ike omi tí wọ́n dojú ẹ̀ dé nínú balùwẹ̀, ó gbé bébà méjèèjì lé orókùn, ó ń wò wọ́n. Ẹni tó ń jẹ ìkòkò ìrẹsì, báwo ló ṣe ń jó ọ̀rá bí ẹni tó ń gbààwẹ̀? Kí ló dé tí èmi tí mò ń gbààwẹ̀ ò jó o tó o?

Ìgbà yẹn lojú ẹ̀ tó bọ́ sí ojú kejì. Ojú méjì ni bébà náà ní, ọ̀kan fún ọ̀rá, ọ̀kan fún ṣúgà. Ọ̀kan péré ló ti ń kà láti ọjọ́ yìí, torí ọ̀kan péré ló ń wá. Ojú ṣúgà tiẹ̀ wà bó ṣe wà. Ti ọkọ ẹ̀ ti pọ́n dúdú, ṣúgà kún inú ìtọ̀ ẹ̀.

Bébà já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sáré jáde.

Káfíńtà jókòó sórí pákó, ó ń mí kíkankíkan bí ẹni tó gun òkè, tó sì jẹ́ pé kò dìde níbẹ̀.

"Dìde, a ń lọ ilé ìwòsàn."

"Torí ìtọ̀?"

"Torí ìtọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi dìde."

Dókítà ò jẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ́. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní ínsúlíìnì, wọ́n ní ká ní wọ́n fi falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Àǹtí dé, ó rí àbúrò ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di orí mú. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un. Ọwọ́ Àǹtí ló bà lé e léjìká, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń sanra.

Nígbà tí ara Káfíńtà balẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀, ó ní kí ìyàwó òun sọ ohun tó ṣe òun, kó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé.

"Ṣúgà kún ẹ̀jẹ̀ ẹ dẹ́nu," ni Tíṣà wí, "ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó yẹ kó gbà wọ inú ara ò ṣí. Ínsúlíìnì ló ń ṣí i. Ara ẹ wá rò pé oúnjẹ ò sí, ló bá kọjú sí ọ̀rá àti ẹran ara ẹ."

"Ebi ń pa mí, oúnjẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ tí ebi ń pa lóòótọ́ ńkọ́? Kí ló dé tí tìẹ ò lọ?"

Tíṣà wo omi tó ń kán tó tó nínú rọ́bà. Ó mọ̀ pé tí oúnjẹ bá dínkù, ara máa ń dín iná ẹ̀ kù. Ó mọ̀ pé àìsùn àti ìrònú ń da nǹkan rú. Ó ti fi gbogbo ẹ̀ bi akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò. Èwo nínú ẹ̀ ló wá jẹ́ tòun?

"Mi ò mọ̀," ó ní.

"Ìwọ Tíṣà?"

"Èmi Tíṣà."

Wọ́n dá Káfíńtà sílẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀, ó ń jẹun níwọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò. Ara Tíṣà fúyẹ́ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sáré ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun tọ́wọ́ ẹ̀ bá ti bà ló ń jẹ. Nígbà tílé tòrò, ó tún padà wúwo. Ó ronú sí i, kò lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó dé láti ibi iṣẹ́, ebi ń pa á. Ó bu ìrẹsì, ó jókòó ti ọkọ ẹ̀, ó sì jẹun.