Òwú Pupa Létí Aṣọ

Gbémisọ́lá gba bọ̀ọ̀lì náà, ó dúpẹ́, ó sì rọra tì í sínú àpò láìjẹ ẹ́. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e ṣì gbóná. Láti ìdájí tó ti kúrò ní Ìkìrun kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, ebi sì ń pa á gan-an. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kéèyàn jẹ oúnjẹ tí ẹni tí kò mọ̀ rí fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ní gáréèjì ìlú tí kò dé rí?

"Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù," ni obìnrin tó ń yan bọ̀ọ̀lì náà wí, ó ń fẹ́ iná rẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì ni àwọn awakọ̀ ń pè é.

"Màá jẹ ẹ́ tó bá yá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn kò tẹ́ Gbémisọ́lá lọ́rùn. Ojú yẹn gan-an kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dà bí ojú tó ti rí níbì kan, kò sì rántí ibi tó ti rí i.

"Ta lẹ wá kí ní Ìdànrè?"

"Mi ò wá kí ẹnikẹ́ni. Òkè ni mo wá wò."

Ilé ló ti ro irọ́ yẹn wá. Nígbà tó ń rò ó nílé, ó dúró dáadáa. Ṣé kì í ṣe gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ òkè Ìdànrè ni? Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ jáde tán tó gbójú sókè, àwọn àpáta dúdú tó yí ìlú náà ká ga ju gbogbo ohun tó lérò lọ, bàtà gogoro tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ìbejì wo bàtà náà.

Ìwádìí ló gbé e wá. Rónkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fẹ́ fẹ́ ọmọ Ìdànrè kan, Olútìmẹ́hìn Fọláyan, tíṣà tó ń kọ́ni ní Òṣogbo. Láti oṣù kẹjọ ni ìwé ìtọrọ ti dé láti ilé ọmọkùnrin náà, Gbémisọ́lá kò sì tíì fèsì. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó lọ wádìí bí a ti máa ń ṣe é: ṣé wọn kì í ya wèrè nílé yẹn, ṣé kò sí àrùn burúkú, ṣé wọn kì í jalè. Àwọn yẹn ní àwọn ti lọ, àwọn ti bọ̀, kò séwu. Nígbà tó tú ọ̀rọ̀ wọn wò fínnífínní, kò sí ẹni tó kọjá Iléṣà nínú wọn.

Kò sì yà á lẹ́nu. Ìdílé ọkọ rẹ̀ yìí náà ló fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òun nígbà tí òun ń bọ̀ wá ṣe ìyàwó wọn. Ó ti wọlé ọkọ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rí i tí wárápá gbé ọkọ rẹ̀ ṣánlẹ̀ lẹ́bàá ààrò, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé kò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n mọ ibi tí ṣíbí tí wọ́n máa ń fi há a léyín wà. Nígbà tí Rónkẹ́ pé ọmọ ọdún méjì, odò gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ohun tí Gbémisọ́lá ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, ohun tó sọ fún Rónkẹ́ náà nìyẹn. Kò purọ́. Odò ni.

Nítorí náà ló ṣe ti ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ pa, tó wọ ọkọ̀ mẹ́ta lóun nìkan, tó sì dé Odòde Ìdànrè ní nǹkan bí aago mẹ́wàá.

Kò mọ̀ pé ìlú náà tóbi tó báyìí. Ojú pópó gùn títí, ilé ń yọ lẹ́yìn ilé, àpáta sì ń yọjú lẹ́yìn gbogbo wọn bí ẹni ń wo èèyàn láti orí ògiri. Oṣù kejì rèé tí àwọn sójà ti gbé ìjọba fún alágbádá, àwòrán àwọn tó du ipò sì ṣì wà lára ògiri, òjò ti bọ́ ojú àwọn mìíràn nínú wọn. Wọ́n sá kòkó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Gbémisọ́lá di àpò rẹ̀ mọ́ abíyá. Ó ń wo ẹni tó ń wò ó.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Olúlékè ló ti kọ́kọ́ dúró, ó ní kó bá òun rán ìdè ìró òun tó já. Télọ̀ náà yí ìró ọ̀hún wò.

"Òwú pupa wo rèé létí aṣọ yín?"

"Àmì mi ni. Aṣọ ni mò ń tà. Èyí tó bá ti jáde ní ìsọ̀ mi, màá fi òwú pupa rán etí rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má baà gbé aṣọ ìsọ̀ ẹlòmíì wá dá padà fún mi."

"Ẹ ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nìyẹn, Màmá."

"Ọjà ni." Ó rọra wo ìta. "Ilé ta nìyẹn, èyí tí wọ́n kùn ní búlúù?"

"Ilé Fọláyan. Bàbá ti lọ sóko lọ́nà Òfòsù."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà ládùúgbò. Ẹ máa rí i."

"Irú èèyàn wo ni wọ́n?"

"Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

"Bàbá tó bí onílé yẹn, kí ló pa á?"

Ẹ̀rọ dúró. Olúlékè bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ wá wo òkè, kí lẹ fẹ́ fi ikú bàbá onílé ṣe?"

Kò sọ fún télọ̀ yìí pé òkè lòun wá wò! Ó sanwó, ó jáde kíá. Ó bi bàbá arúgbó kan tó ń fi ẹsẹ̀ ro kòkó. Bàbá náà fi ohùn Ìdànrè fèsì, ìdajì ló gbọ́, ṣùgbọ́n ìdajì náà ni pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ó bi ọmọbìnrin kan tó ń fa omi lẹ́nu kànga. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu èèyàn mẹ́ta, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ti ṣíwájú rẹ̀ lọ kọ́ wọn. Ó bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Gbémisọ́lá yà sọ́nà kékeré kan. Obìnrin náà yà síbẹ̀. Ó dúró. Obìnrin náà dúró.

"Ẹ ń tẹ̀ lé mi!"

"Mo ń tẹ̀ lé yín ni. Òkè ò sí lọ́nà ibí. Ilé ìyàgbẹ́ ló wà níbẹ̀."

Kí ló kù tí yóò sọ? Ẹni tó ní òkè lòun wá wò gbọ́dọ̀ lọ wo òkè. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e dání, ó tẹ̀ lé obìnrin tí kò fọkàn tán lọ síbi àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀kìíní, ó ń rò ó pé ibi tí wọ́n ti ń ja èèyàn lólè ni wọ́n ń mú òun lọ. Nígbà tí wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀kejì, kò lágbára àtirò mọ́. Ìyá Ìbejì kàn ń gùn lọ, kò mí gúlegúle.

Lókè, ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí Odòde dákẹ́ sínú oòrùn. Ilé alámọ̀ ti ń wó. Ṣùgbọ́n àgbàlá kan wà tó mọ́ tónítóní. Ọkùnrin kan tó ti lé láàádọ́ta ọdún ń gbá a, sútánà funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó wí, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé àwọn yòókù ń bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀," ni Ìyá Ìbejì dá a lóhùn.

"Ẹ sọ fún wọn pé mo ti gbálẹ̀."

Ó tún ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ilé tí wọ́n bí i sí nìyẹn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ojoojúmọ́ ló ń gùn ún wá. Matthias Fọláyan lorúkọ rẹ̀. Àbúrò onílé búlúù yẹn ni."

Wèrè! Gbémisọ́lá kò lè pa á mọ́ra, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èèyàn dáadáa, àbí? Ó ti rí ohun tó wá wá. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Rónkẹ́, bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tí yóò ti sunkún díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ láti inú àfonífojì, ó ṣí etí ìró obìnrin tó ń lọ níwájú rẹ̀ sókè. Òwú pupa.

Ó dúró. Wọ́n rán an ní kúkúrú lẹ́ẹ̀méjì, gígùn lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń rán an bẹ́ẹ̀.

"Ibo lẹ ti ra ìró yín?"

Obìnrin náà kò yíjú padà. "Lọ́wọ́ yín ni, Ìyá Rónkẹ́. Oṣù kẹfà, ọjọ́ ọjà. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà."

Bàtà kan bọ́ lọ́wọ́ Gbémisọ́lá, ó yí lórí àtẹ̀gùn mẹ́rin. "Ẹ̀yin ni..."

"Èmi ni ìyá Tìmẹ́hìn. Mo ti mọ̀ yín bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ nínú ọkọ̀. Mo kàn ń wò ó pé ibo lẹ máa gbé ọ̀rọ̀ òkè yẹn dé."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn lóhun tí wọ́n ń sọ!"

"Mo gba ọ̀nà àbùjá ṣíwájú yín lọ sọ fún Olúlékè pé àlejò kan fẹ́ wo òkè. Ìyẹn nìkan. Ohun tó kù, ẹnu wọn ni." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà náà. "Ọ̀rọ̀ Matthias, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìdí tí mo fi mú yín gòkè nìyẹn."

Wọ́n tún sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Odò tó gbé bàbá Rónkẹ́ lọ, mo dé ibẹ̀ náà. Mo bọ́ sínú rẹ̀. Kò mù mí dé orúnkún."

Gbémisọ́lá ń retí ohun tó kù, kí ó dárúkọ wárápá. Ó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Obìnrin náà kò sọ ọ́. Ó kàn na ọwọ́ sí i.

"Ibí yìí máa ń yọ̀. Ẹ dì mí mú."

Ó dì í mú.

Nígbà tí ọkọ̀ Àkúrẹ́ gbéra, oòrùn ṣì wà lórí àpáta. Gbémisọ́lá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ka oṣù. Oṣù kẹfà ni obìnrin yẹn ti wá sí Ìkìrun. Oṣù kẹjọ ni ìwé ìtọrọ dé. Ó tún un kà, bóyá òun ṣì í. Oṣù kẹfà ló kọ́kọ́ ń jáde nígbà gbogbo: wọ́n ti mọ̀ nípa odò yẹn kí wọ́n tó kọ̀wé.

Ó ki ọwọ́ sínú àpò, ó sì tú ìwé ìròyìn náà. Bọ̀ọ̀lì ti tutù, ó ti le. Ó bù ú jẹ.