Ẹ Má Yọ Ara Yín Lẹ́nu

Ọ̀rọ̀ Tjostolv, ẹ̀gbọ́n mi, ṣì ń rí mi lára títí dòní. Òun ló jẹ alága ìjọba ìbílẹ̀ Skjervdal, ìlú wa, kẹ́yìn, lọ́dún tí wọ́n fẹ́ pa wá pọ̀ mọ́ ìlú tó wà lẹ́yìn òkè. A ò ní nǹkan kan tó ju ilé ìgbẹ̀bí kékeré ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Tí yìnyín bá ti dí ọ̀nà òkè, ibẹ̀ nìkan ni aboyún lè sá lọ. Ragndi ọmọ mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀kánjúwà lẹni tó bá gba oúnjẹ ní ìpè àkọ́kọ́. Wọ́n á bẹ̀ ọ́, wàá ní rárá. Wọ́n á tún bẹ̀ ọ́, wàá tún ní rárá. Ìgbà kẹta lo tó máa sún mọ́ tábìlì, bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló ní àyè tiẹ̀.

Aṣojú ìjọba dé láti olú-ìlú, ó wá béèrè ohun tí a fẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Mo gbé kọfí àti lefse olóbọ́tà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, wá, ọkùnrin náà ti nawọ́ mú un kí àwo tó kan tábìlì. Afọ́jú pàápàá á mọ̀ pé kì í ṣe ará ibí.

"Alága, ilé ìgbẹ̀bí yìí ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kó dúró?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba. "Rárá o, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nítorí tiwa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ọkùnrin náà nu ẹnu, ó dìde, ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Tjostolv ṣì jókòó, ó ń retí kó tún bi òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáré tẹ̀ lé e! Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ẹ!"

"Gunvor, ṣé alágbe ni mí ni? Yóò tún béèrè. Ọmọlúàbí ni."

"Ọmọlúàbí tó ti jẹ lefse mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹyọ kan?"

"Ẹnu rẹ ti mú jù."

Mo wò ó bó ṣe káwọ́ lé ikùn, ó rí mi lára bí ìgbà téèyàn bá ìdin nínú wàrà.

Ẹnikẹ́ni ò tún béèrè. Nígbà tọ́dún yí, a di ará ìlú ẹ̀yìn òkè, wọ́n sì ti ilé ìgbẹ̀bí pa. Kò pẹ́ tí Ragndi fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, yìnyín sì ti dí ọ̀nà. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Inú ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lọ́nà ló bímọ sí, láàárín òkè. Ọmọ náà kò ké.

Lẹ́yìn tí a sin ọmọ náà, Tjostolv wá kí wa. Ó gbọn yìnyín kúrò ní bàtà, ó jókòó, òtútù ń mú un. Mo gbé ife síwájú rẹ̀.

"Ẹ mu kọfí, Ẹ̀gbọ́n."

"Rárá, Gunvor. Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Mo gbé ìkòkò kọfí padà sórí iná. Ó jókòó ti ife òfìfo náà, ó ń retí kí n tún bẹ òun.